Kápúsù Tí Mo Fi Irọ́ Rà fún Ẹ̀gbọ́n Mi

Ẹ̀yin tí ẹ máa ka ìwé yìí, mo ti parọ́ fún nọ́ọ̀sì, mo ti dákẹ́ níwájú dókítà, mo sì ti jókòó láàárín ẹbí mi bí ẹni tí kò mọ nǹkan kan, nígbà tí wọ́n ń lé obìnrin tí kò ṣẹ̀ jáde nílé ọkọ rẹ̀. Ó ti tó ọdún mẹ́ta báyìí. Mi ò sọ ọ́ fún ìyàwó mi. Mi ò sọ ọ́ nínú àdúrà pàápàá, bí ẹni pé Ọlọ́run kò mọ̀.

Ìwé mẹ́rin ni mo kà kí bàbá wa tó kú. Iṣẹ́ káfíńtà ni mo kọ́. Bíbélì àti ìwé ìròyìn Yorùbá ló kọ́ mi ní ìyókù. Nítorí náà ẹ jọ̀ọ́, bí mo bá ń to ọ̀rọ̀ bí ẹni to pákó, ẹ fara dà á fún mi.

Ohun tó jẹ́ kí n sọ̀rọ̀ nísinsìnyí ni pé ní ọ̀sẹ̀ méjì sẹ́yìn, àgbàlagbà ọkùnrin méjì wá sí ṣọ́ọ̀bù mi ní Ìyànà Ìbà. Wọ́n kí mi, wọ́n ní apá Néfì Táùn làwọn ti wá. Wọ́n ní ọmọ àwọn fẹ́ fẹ́ ọmọbìnrin kan tó ń jẹ́ Bọ́lá, àwọn sì ń tọsẹ̀ ìdílé rẹ̀ gẹ́gẹ́ bí àṣà. Bọ́lá yìí, ọmọ ẹ̀gbọ́n mi ni. Èyí tó dàgbà jù nínú wọn bi mí pẹ̀lú ọ̀wọ̀ pé, "Ẹ má bínú o, káfíńtà. A gbọ́ pé ìyá ọmọ yìí ló fi ọwọ́ ara rẹ̀ pa bàbá rẹ̀. Ẹ̀yin tí ẹ jẹ́ àbúrò olóògbé, ṣé òótọ́ ni?"

Mo mọ̀ pé irọ́ ni. Kò sí ẹlòmíràn láyé tó mọ̀ ọ́n bí mo ṣe mọ̀ ọ́n. Mo sì dá wọn lóhùn pé, "Ẹ bi àwọn àgbà wa."

Ẹ̀yin náà mọ ohun tí irú ìdáhùn bẹ́ẹ̀ túmọ̀ sí lẹ́nu àbúrò ọkọ. Àwọn méjèèjì wo ojú ara wọn, wọ́n dìde, wọ́n dúpẹ́. Kò pé ọjọ́ mẹ́rin tí wọ́n fi ránṣẹ́ pé àwọn ò ṣe mọ́.

Inú ń bí mi. Inú ń bí mi sí ẹbí mi, sí ìjọ wa, àti sí bàbá kan tí ẹ máa gbọ́ nípa rẹ̀. Ṣùgbọ́n ẹ jọ̀ọ́, ẹ jẹ́ kí n kọ́kọ́ sọ tèmi, kí ẹnikẹ́ni má baà sọ pé mò ń fi ìbínú bo ẹ̀ṣẹ̀ mọ́lẹ̀.

Ẹ̀gbọ́n mi, tí gbogbo èèyàn ń pè ní Bọ̀ọ̀dá Sámú, ló mú mi wá sí Èkó láti ìlú wa lápá Ọ̀yọ́. Òun ló kọ́ mi níṣẹ́. Àpótí súpíkà la máa ń kàn, àwọn àpótí pákó ńláńlá tí àwọn oníṣòwò Ọjà Àlàbá ń to gbohùngbohùn sí. A ń gé pákó, a ń fi gọ́ọ̀mù lẹ̀ ẹ́, a ń kùn ún ní ọ̀dà dúdú. Lẹ́búlẹ́bú pákó kì í tán nímú wa, bẹ́ẹ̀ ni òórùn ọ̀dà kì í kúrò lára aṣọ wa.

Òórùn ọ̀dà yẹn ló bo àṣírí. Bọ̀ọ̀dá Sámú ń mu sìgá. Láti ìgbà tó ti ń ṣe ọmọ ẹ̀yìn ọkọ̀ ló ti ń mu ún. Ẹ̀yìn òkìtì pákó ló máa ń dúró sí láti fà á. Èmi ni mo ń bá a rà á, nítorí kò fẹ́ kí ẹnikẹ́ni rí òun nídìí ìsọ̀ onísìgá. Ìyàwó rẹ̀ kò mọ̀. Àwọn ọmọ rẹ̀ kò mọ̀.

Ìjọ aláṣọ funfun ni gbogbo wa ń lọ ní Okokomaiko. Nínú ìjọ wa, ẹni tó bá ń mu sìgá kò gbọdọ̀ sún mọ́ pẹpẹ. Ẹ̀gbọ́n mi sì jẹ́ ẹni tí wọ́n ń bọ̀wọ̀ fún. Wọ́n ti kọ orúkọ rẹ̀ mọ́ ti àwọn tí wọ́n máa fi òróró yàn sí ipò àgbà. Ìyàwó rẹ̀, Ìyá Bọ́lá, ló ń rán sùtánà fún ìdajì ìjọ. Télọ̀ tó mọ iṣẹ́ ni, ohun tó bá rán kì í tú.

Nígbà tó yá, ikọ́ bẹ̀rẹ̀ sí í yọ ẹ̀gbọ́n mi lẹ́nu. Gbogbo èèyàn ní lẹ́búlẹ́bú pákó ni. Oníbàárà wa kan wà ní Àlàbá, ọmọ Ìgbò tó gbọ́ Yorùbá ju àwọn ọmọ ilé wa mìíràn lọ. Ọ̀gá Tóónì là ń pè é. Ó wá gbé àpótí lọ́jọ́ kan, ó gbọ́ bí ẹ̀gbọ́n mi ṣe ń wúkọ́.

"Bọ̀ọ̀dá, ikọ́ yín yìí máa fọ́ súpíkà mi kí n tó tà á o!" ni Ọ̀gá Tóónì wí. "Kápúsù kan wà tí àwọn òyìnbó ń lò báyìí. Inú kárọ́ọ̀tì ni wọ́n ti ń fà á yọ. Bẹ́tà kárótíìnì ni wọ́n ń pè é. Ó ń fọ ẹ̀dọ̀fóóró bí ẹni fọ táńkì omi."

Mi ò dá Ọ̀gá Tóónì lẹ́bi. Ohun tí òun náà gbọ́ ló sọ. Kò mọ̀ pé sìgá wà nídìí ikọ́ náà.

Bọ̀ọ̀dá Sámú rán mi lọ sí kẹ́míìsì kan ní Okokomaiko. Ìyá àgbà kan tó ti fẹ̀yìn tì lẹ́nu iṣẹ́ nọ́ọ̀sì ló ni ín. Màmá Nọ́ọ̀sì là ń pè wọ́n. Wọ́n ní kápúsù náà lóòótọ́, nínú ìgò kékeré, ó pọ́n bí epo pupa tuntun. Kí wọ́n tó fà á lé mi lọ́wọ́, wọ́n wò mí láti òkè gíláàsì ojú wọn.

"Ta ló fẹ́ lò ó?"

"Ẹ̀gbọ́n mi ni, mà."

"Kí ló ń ṣe é?"

"Ikọ́ díẹ̀ ni, mà. Lẹ́búlẹ́bú pákó ni."

"Èyí kì í ṣe oògùn ikọ́. Ṣé ó ń mu sìgá? Tàbí ó ti mu ún rí?"

"Há, rárá o, mà! Aláṣọ funfun ni ẹ̀gbọ́n mi."

Wọ́n rẹ́rìn-ín. "Aṣọ funfun ò bo ẹ̀dọ̀fóóró, ọmọ mi. Gbogbo ẹni tó bá wá rà á ni mo máa ń bi."

"Kì í mu ún, mà."

Irọ́ àkọ́kọ́ nìyẹn. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ gbọ́ ìdí tí mo fi pa á. Obìnrin méjì láti ìjọ wa wà nínú ṣọ́ọ̀bù náà, wọ́n ń dúró de oògùn ibà. Bí mo bá ní bẹ́ẹ̀ ni, kí ilẹ̀ ọjọ́ náà tó ṣú, ọ̀rọ̀ á ti dé etí olùṣọ́-àgùtàn. Ẹ̀gbọ́n mi ni. Ìtìjú rẹ̀, ìtìjú mi ni. Mo sì mọ̀ pé ìbéèrè tó máa tẹ̀ lé e ni pé, ta ló ń bá a ra sìgá?

Màmá Nọ́ọ̀sì kìlọ̀ fún mi pé ẹyọ kan lójúmọ́ ni, lẹ́yìn oúnjẹ, kó má sì lò ó pẹ́. Wọ́n ní, "Kò tilẹ̀ yé mi. Ẹni tó ń jẹ epo pupa, tó ń jẹ ẹ̀fọ́, tó ń jẹ máńgòrò, kí ló tún ń wá nínú kápúsù? Ohun kan náà ló wà nínú wọn. Ti inú oúnjẹ kì í pa èèyàn lára. Ti inú ìgò ni kí ẹ máa ṣọ́ra fún." Mo ní mo ti gbọ́. "Ẹyọ kan lójúmọ́" nìkan ni mo rántí sọ délé.

Ẹ̀gbọ́n mi kò tẹ̀ lé ìyẹn náà. Ó sọ kápúsù yẹn di ètùtù. Bó bá fa sìgá kan tán lẹ́yìn òkìtì pákó, á fi omi gbé kápúsù kan mì, á ní, "Mo ti lé e jáde." Sìgá kan, kápúsù kan. Ọjọ́ tí iṣẹ́ bá bà á nínú jẹ́, tó mu sìgá mẹ́jọ, kápúsù mẹ́jọ ló máa mì. Ìgò tó yẹ kó lò fún oṣù kan kì í pé ọ̀sẹ̀ kan. Lójú tirẹ̀, ohun tí èèyàn bá ti rí nǹkan fi nù, kò bàjẹ́ mọ́.

Kò pẹ́ tí àtẹ́lẹwọ́ rẹ̀ fi bẹ̀rẹ̀ sí í yí padà. Ó pọ́n bí ìyeyè. Àtẹ́lẹsẹ̀ rẹ̀ tẹ̀ lé e, àwa tí a kì í sì í wọ bàtà jọ́sìn, gbogbo ẹni tó wà lẹ́yìn rẹ̀ ló ń rí i nígbà tó bá kúnlẹ̀. Ọ̀gá Tóónì fi í ṣẹ̀fẹ̀ pé, "Bọ̀ọ̀dá Sámú, ṣé gààrí eléepo lẹ ń fi ọwọ́ yan nílé ni?"

"Òróró tí wọ́n máa fi yàn mí ló ti ń jáde," ni ẹ̀gbọ́n mi wí. Àwa mẹ́tẹ̀ẹ̀ta rẹ́rìn-ín.

Ìyá Bọ́lá kò rẹ́rìn-ín. Ó fà mí sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan, ó ní, "Ọkọ mi." Bó ṣe máa ń pè mí nìyẹn, gẹ́gẹ́ bí ìyàwó tó mọ iyì àbúrò ọkọ. "Ẹ bá mi bi ẹ̀gbọ́n yín wò. Ọwọ́ wọn yìí ń bà mí lẹ́rù. Èmi bá bi wọ́n, wọ́n á ní kí n lọ máa ránṣọ mi."

Nítorí ọ̀rọ̀ rẹ̀ ni mo fi padà lọ bá Màmá Nọ́ọ̀sì.

"Ẹyinjú rẹ̀ ńkọ́?" ni wọ́n bi mí.

"Ó funfun, mà."

"Ìtọ̀ rẹ̀?"

"Ó ní kò yí padà."

"A jẹ́ pé kì í ṣe ibà pọ́njú. Kápúsù ló ń mu ní àmujù. Kó dáwọ́ dúró. Láàárín ọ̀sẹ̀ mélòó kan, àwọ̀ náà á parẹ́. Ìyẹn kò lè pa á." Wọ́n wá fi ìgò tó wà lọ́wọ́ wọn sílẹ̀. "Ohun tó lè pa á ni mo bi ọ́ lọ́jọ́sí. Àwọn tó ń ṣèwádìí lókè òkun ti rí i pé àwọn amusìgá tó ń gbé kápúsù yìí mì ń ní jẹjẹrẹ ẹ̀dọ̀fóóró ju àwọn amusìgá tí kò lò ó lọ. Wọ́n rò pé á dáàbò bò wọ́n ni, òdì kejì ni wọ́n bá. Dákun, sọ òtítọ́ fún mi. Ẹ̀gbọ́n rẹ kì í mu sìgá?"

Ṣọ́ọ̀bù ṣófo lọ́jọ́ yẹn. Kò sí ọmọ ìjọ kankan níbẹ̀. Mi ò ní àwíjàre. Ojú tì mí láti sọ pé mo ti parọ́ fún wọn tẹ́lẹ̀, ohun tó wà níbẹ̀ kò ju ìyẹn lọ. Mo wo ojú ìyá arúgbó náà, mo ní, "Kì í mu ún, mà."

Wọ́n ní kí n mú un wá kí àwọn rí i. Wọ́n ní àwọn ò ní tà á fún mi mọ́ láìrí i.

Mo sọ fún ẹ̀gbọ́n mi. Mo ní, "Bọ̀ọ̀dá, ìyá yẹn ní kápúsù yìí àti sìgá kò gbọdọ̀ pàdé nínú èèyàn o." Ó bojú wo ẹnu ọ̀nà kó tó dá mi lóhùn.

"Ó ku oṣù kan kí wọ́n yàn mí. Lẹ́yìn ìyẹn, màá fi méjèèjì sílẹ̀. Ìwọ ṣá ti pa ẹnu rẹ mọ́. Ẹni tó bá tú mi, ara rẹ̀ ló tú."

Mo pa ẹnu mi mọ́. Nígbà tí ìgò tán, mo lọ ra òmíràn lọ́wọ́ ẹni tó ń kiri oògùn lẹ́nu ọ̀nà Àlàbá. Òun kò bi mí ní ìbéèrè kankan. Ẹ wò ó, ẹ̀yin òǹkàwé: mo fi ẹni tó ń béèrè sílẹ̀, mo lọ bá ẹni tí kì í béèrè.

Wọ́n fi òróró yàn án. Kò fi ọ̀kankan sílẹ̀. Kí ọdún tó yípo, ikọ́ náà ti ń mú ẹ̀jẹ̀ jáde. Ilé ìwòsàn ya àwòrán àyà rẹ̀, dókítà sì sọ fún wa pé jẹjẹrẹ ẹ̀dọ̀fóóró ni. Ó bi wá bóyá ó ń mu sìgá. Ìyá Bọ́lá dáhùn tọkàntọkàn pé, "Ó tì o, dókítà. Ìjọ wa kò gbà á láyè." Ẹ̀gbọ́n mi, lórí ibùsùn tó wà, wò mí. Mo wo ilẹ̀. Ọ̀sẹ̀ mélòó kan lẹ́yìn náà ló kú.

Ibi tí inú ti ń bí mi jù lọ ni mo dé yìí.

Àbúrò bàbá wa, tó ń gbé ní Ìjànikin, ni olórí ẹbí wa. Bàbá yìí kò bi dókítà ní nǹkan kan. Ìwé tí wọ́n kọ fún wa nílé ìwòsàn, kò jẹ́ kí ẹnikẹ́ni kà á fún òun. Lẹ́yìn ìsìnkú, ó pe gbogbo ẹbí jọ, ó ní kí Ìyá Bọ́lá jókòó sílẹ̀ láàárín.

"Ọwọ́ ọmọ wa pọ́n, ẹsẹ̀ rẹ̀ pọ́n," ni bàbá náà wí. "Ta ló ń se oúnjẹ tó ń jẹ?"

"Bàbá, inú ìkòkò kan náà la jọ ń jẹ, èmi àti àwọn ọmọ," ni Ìyá Bọ́lá dáhùn.

"Mi ò bi ọ́ ní iye ìkòkò tó wà nílé. Kí lo fi sínú abọ́ tiẹ̀?"

Aríran kan láti ìjọ wa wà níbẹ̀. Ó dijú, ó mi orí, ó ní òun rí ọwọ́ obìnrin nínú abọ́. Ẹ jọ̀ọ́, ọwọ́ ta ni èèyàn máa rí nínú abọ́ bí kì í bá ṣe ti ẹni tó ń bu oúnjẹ? Bó bá jẹ́ pé ó ríran lóòótọ́, kí ló dé tí kò rí ẹ̀yìn òkìtì pákó?

Bàbá náà yíjú sí mi. "Ìwọ lo wà pẹ̀lú rẹ̀ lójoojúmọ́. Ǹjẹ́ o rí ohun mìíràn tó ń jẹ níta?"

Ìgò kápúsù mẹ́rin tó ti ṣófo wà nínú àpótí irinṣẹ́ mi ní wákàtí yẹn. Ìyá Bọ́lá gbójú sókè, ó ń wò mí bí ẹni tó ti rí olùgbèjà. Mo ní, "Mi ò kíyè sí nǹkan kan, Bàbá."

Wọ́n ní kó kúrò nínú ilé tí òun àti ọkọ rẹ̀ jọ kọ́ ní Ìbà. Ẹ̀rọ ìránṣọ rẹ̀ àti aṣọ àwọn ọmọ nìkan ni wọ́n jẹ́ kó kó. Ìjọ kò gbé iṣẹ́ fún un mọ́, wọ́n ní ọwọ́ rẹ̀ kò mọ́. Ẹ gbọ́ èyí o: sùtánà tí ó fi ọwọ́ kan náà rán ni wọ́n wọ̀ nígbà tí wọ́n ń sọ bẹ́ẹ̀. Kò sí ẹnì kan tó bọ́ tirẹ̀ sílẹ̀.

Èmi ni wọ́n fi ṣọ́ọ̀bù lé lọ́wọ́. Bàbá náà ní ọmọ gidi ni mí, mo mọ bí a ti ń pa ẹnu mọ́. Bóyá ó mọ nǹkan kan, bóyá kò mọ̀. Mo gba kọ́kọ́rọ́, mo sì dúpẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀. Ẹ̀ṣẹ̀ mi gan-an nìyẹn. Kì í ṣe ìtìjú ẹ̀gbọ́n mi nìkan ni mo bò. Mo jẹ nínú rẹ̀.

Ọjọ́ tí àwọn ará Néfì Táùn ránṣẹ́ pé àwọn kò fẹ́ Bọ́lá mọ́, mo ti ilẹ̀kùn ṣọ́ọ̀bù lọ́sàn-án gangan, mo lọ bá Màmá Nọ́ọ̀sì. Mo dọ̀bálẹ̀, mo jẹ́wọ́ gbogbo rẹ̀. Mo bi wọ́n bóyá kápúsù yẹn ló pa ẹ̀gbọ́n mi.

"Kò sí ẹni tó lè búra sí ìyẹn," ni wọ́n wí. "Sìgá nìkan tó èèyàn í pa. Ṣùgbọ́n ó ṣeé ṣe kí kápúsù yẹn ti dá kún un. Ohun tí mo mọ̀ ni pé ká ní o sọ òtítọ́, mi ò ní tà á. Màá ní kó fi sìgá sílẹ̀, màá sì lé e lọ ya àwòrán àyà nígbà tí ikọ́ ṣì kéré." Inú wá bí wọn. "O dúró síbí yìí, o parọ́ fún mi lẹ́ẹ̀mejì! Ṣé o rò pé ẹnu ló ń yún mi tí mo fi ń bi yín? Bí a ò bá béèrè, kí ló yà wá sọ́tọ̀ sí ẹni tó ń ta bisikíìtì? Dìde nílẹ̀ jàre. Ìdọ̀bálẹ̀ rẹ kò wúlò fún mi."

Síbẹ̀ wọ́n ṣèlérí pé bí mo bá pe ẹbí jọ, àwọn á wá ṣàlàyé ohun tó ń mú ọwọ́ èèyàn pọ́n láìsí májèlé kankan nínú oúnjẹ.

Láti ibẹ̀ ni mo ti lọ bá Ìyá Bọ́lá. Yàrá kan ló háyà ní ẹ̀yìn ọjà Ìbà, aṣọ ilé-ìwé ló ń rán níbẹ̀ báyìí. Mo ń sọ̀rọ̀, ó ń fi ẹsẹ̀ wa ẹ̀rọ. Nígbà tí mo dé orí ìgò mẹ́rin inú àpótí irinṣẹ́, ẹsẹ̀ rẹ̀ dúró. Ó pe orúkọ àbísọ mi. Láti ọjọ́ tí a ti gbé e wọ agboolé wa, kò pè é rí.

"Èmi lo wá sọ ọ́ fún?" ni Ìyá Bọ́lá wí. "Èmi tí mo ti mọ̀ tẹ́lẹ̀ pé mi ò pa ọkọ mi? Lọ sọ ọ́ níbi tí o ti dákẹ́."

Bọ́lá wà lẹ́nu ilẹ̀kùn, ó ti gbọ́ gbogbo rẹ̀. Kò pariwo. Ó ní, "Dádì Kékeré, ẹ mọ ohun tí àwọn bàbá yẹn sọ fún wa? Wọ́n ní gbogbo àwọn tó bú màmá mi, àwọn ò ka ọ̀rọ̀ wọn sí. Wọ́n ní ẹ̀yin tí ẹ ò bú wọn, tí ẹ kàn ní kí àwọn lọ bi àgbà, ẹ̀yin làwọn gbà gbọ́."

Ẹ̀yin òǹkàwé, mi ò mọ bí mo ṣe jáde níbẹ̀.

Lọ́jọ́ kejì mo lọ sí Ìjànikin. Mo bẹ bàbá náà kó pe ẹbí jọ. Ó gbọ́ gbogbo rẹ̀, kò tilẹ̀ yà á lẹ́nu tó bí mo ṣe rò. Ó ní, "Ṣé o fẹ́ kí ayé gbọ́ pé ẹni òróró ilé wa, amusìgá ni? Ìyá tó bí yín ti lé ní ọgọ́rin ọdún, ṣé èyí ni wàá fi sin ín? Ìyá Bọ́lá ti lọ, ó ti lọ nìyẹn. Bí o bá la ẹnu rẹ, o ò wọ ṣọ́ọ̀bù yẹn mọ́."

Mo yọ kọ́kọ́rọ́ lápò, mo jù ú sílẹ̀ níwájú rẹ̀. Mo mọ̀ pé kò yẹ kí ọmọdé ju nǹkan sílẹ̀ níwájú àgbà, ṣùgbọ́n mo jù ú, mo sì ní màá lọ sọ òtítọ́ fún àwọn ará Néfì Táùn. Ó wá sọ fún gbogbo àgbà ẹbí wa pé ẹnikẹ́ni tó bá tẹ̀ lé mi lọ sí Néfì Táùn, òun ti yọ ọ́ lẹ́gbẹ́.

Ìdájọ́ òdodo ni mo ń fẹ́. Mo fẹ́ kí ẹbí mi dá ilé padà fún obìnrin yìí. Mo fẹ́ kí aríran yẹn dúró níwájú ìjọ, kó sọ pé òun kò rí nǹkan kan. Mo fẹ́ kí wọ́n gbọ́ pé ọwọ́ tó pọ́n kì í ṣe ẹ̀rí ìpànìyàn. Bó bá sì kan ìjìyà tèmi, èmi náà dúró síbí, ẹ má yọ mí sílẹ̀.

Ẹ̀yin tí ẹ sì ń mu sìgá, ní gbangba tàbí ní kọ̀rọ̀, mo fi Ọlọ́run bẹ̀ yín, ẹ má gbé kápúsù yẹn mì láti fi fọ èéfín. Kò sí kápúsù tó ń fọ èéfín. Ẹni tó ń ta oògùn bá bi yín ní ìbéèrè, ẹ dá a lóhùn bí ẹni pé ẹ̀mí yín ló ń béèrè.

Ìmọ̀ràn méjì ni mo wá gbà. Èkíní: ìyá wa ń gégùn-ún fún Ìyá Bọ́lá láràárọ̀, ó gbà pé ó pa ọmọ òun. Ṣé kí n sọ òtítọ́ fún un, kí ọjọ́ ogbó rẹ̀ korò, tàbí kí n jẹ́ kó kú sórí èpè tí kò tọ́? Ọkàn mi ń sọ pé kí n sọ ọ́. Ẹ̀rù ló ń bà mí.

Èkejì ni èyí tó ká mi lára jù. Ọ̀rọ̀ àna, àgbà ló ń sọ ọ́. Bí èmi nìkan bá lọ sí Néfì Táùn, wọ́n á bi mí pé àgbà mi dà, wọ́n á sì sọ pé ọmọ tó bínú kúrò nílé ni mí. Gbogbo àgbà ilé mi ti kọ̀. Ní ti Ìyá Bọ́lá, mi ò tíì bẹ̀ ẹ́ kó dárí jì mí, nítorí mi ò tíì ṣe ohun tí èèyàn fi ń tọrọ ìdáríjì.

Sátidé tó kẹ́yìn oṣù yìí ni mò ń lọ, bí òjò rọ̀, bí oòrùn ràn. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ̀yin tí irun yín ti funfun lágbègbè Ọ̀jọ́ àti Ìbà, tí ẹ ò sì bá mi tan rárá: àgbà wo nínú yín ló máa bá mi lọ?